Ẹ béèrè fílà géèjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ yín ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀ dára, pàápàá ibi tí ẹ ti kìlọ̀ pé kí èèyàn má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣeré. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà níbẹ̀ tí a ò lè dákẹ́ sí. Ẹ kọ ọ́ pé àyè tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè tín-ín-rín tó yẹ kó wà lórí fáàfù ẹ́ńjìnì, jẹ́ "0.15 íǹṣì". Mìlímítà ni. 0.15 íǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí tápẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnì kékeré tó bẹ́ẹ̀, púṣì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń bá wọn ti fáàfù ṣí) á yọ kúrò láyè rẹ̀. Ẹ tún ní kí oníṣẹ́ di rọ́kà (irin tó ń tẹ fáàfù ṣí) mú, kó fi ọwọ́ mì í wò, pé bó bá ti ń mì díẹ̀, ó ti tó. Inú "díẹ̀" yẹn gan-an ni ìjàngbọ̀n wà. Fílà géèjì, ìyẹn àwọn ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àyè, ló yẹ kó lò.

Ẹ́ńjìnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ onípẹtiróòlù tí agbára wọn jẹ́ 2 kVA sí 3 kVA: Honda GX160 àti GX200, pẹ̀lú àìmọye èyí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe jọ wọ́n, tó kún ọjà Alábà. Fáàfù méjì ló ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ kabúrétọ̀, òun ló ń gba atẹ́gùn àti epo wọlé. Èkejì wà lọ́wọ́ sàlẹ́ńsà, òun ló ń tú èéfín jáde. Kámṣáàfù inú ẹ́ńjìnì ń ti púṣì-rọ́ọ̀dù, púṣì-rọ́ọ̀dù ń ti rọ́kà, rọ́kà á wá tẹ orí fáàfù kó lè ṣí. Nígbà tí fáàfù bá padé, ó yẹ kí àyè tín-ín-rín kan wà láàrin rọ́kà àti orí rẹ̀. Àyè yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń tún ṣe bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ séètì tápẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí a mọ̀ mọ́ GX160 àti GX200 ni 0.15 mm fún fáàfù tó ń gba epo wọlé àti 0.20 mm fún ti èéfín, kó má sì fi ju 0.02 mm lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Bí ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá bá sọ nọ́ńbà mìíràn, ti ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ooru ló fà á tí àyè náà fi gbọ́dọ̀ wà. Irin fáàfù máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Ti èéfín ń gbóná ju èkejì lọ, nítorí pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán ló ń gba ara rẹ̀ kọjá, nígbà tí atẹ́gùn tútù àti epo ń gba ara èkejì wọlé. Ìyẹn ló jẹ́ kí àyè tiẹ̀ fẹ̀ ju ti èkejì lọ. Bí kò bá sí àyè rárá, rọ́kà ò ní jẹ́ kí fáàfù jókòó dáadáa sórí ìjókòó rẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (ìfúnpọ̀ atẹ́gùn àti epo nínú ẹ́ńjìnì) á máa jò, iná á sì máa gba etí fáàfù sá jáde. Èyí tó burú jù ni pé orí ìjókòó yẹn náà ni fáàfù ti ń já ọ̀pọ̀ nínú ooru ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ́ẹ̀dì (orí ẹ́ńjìnì). Fáàfù tí kò jókòó kò rí ibi já ooru sí, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Bó bá ti jóná, kò sí séètì tápẹ́ẹ̀tì tó lè gbà á sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn oníṣẹ́, ló gbà pé tápẹ́ẹ̀tì tí kò dáa ló máa ń pariwo. Ìdajì òótọ́ ni. Bí fáàfù ṣe ń lu ìjókòó rẹ̀ lójoojúmọ́, ìjókòó náà ń jẹ, fáàfù ń wọnú ẹ́ẹ̀dì lọ díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ sì ń sún mọ́ rọ́kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni àyè ń dín kù, bó sì ṣe ń dín kù ni ẹ́ńjìnì ń dákẹ́ sí i. Ẹni tó ń fi etí séètì tápẹ́ẹ̀tì á máa yin ẹ́ńjìnì tó ń kú lọ.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Láàárọ̀, bí ẹ bá fa ṣóòkì, ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó tàn. Ẹ lò ó fún wákàtí méjì, ẹ pa á kí ẹ lè rọ epo, ó kọ̀ láti tàn mọ́ àfìgbà tó bá tutù. Okùn á rọ̀ lọ́wọ́, bíi pé kò sí ohun kankan nínú ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ́ fáàfù ìwọlé ni kò ní àyè, ó lè máa sín jáde láti ẹnu kabúrétọ̀. Bó bá jẹ́ ti èéfín, á máa yìnbọn nínú sàlẹ́ńsà. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Wọ́n á ra púlọ́ọ̀gì, wọ́n á pààrọ̀ kabúrétọ̀, wọ́n á pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n á tún ní kí onílé lọ ra písítìnì (irin tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì) àti ríìngì (òrùka ara rẹ̀), nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú sípánà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà.

Èyí tó fẹ̀ jù náà ní wàhálà tiẹ̀. Ariwo á wà, ká-ká-ká láti orí ẹ́ẹ̀dì. Fáàfù ò ní ṣí tó bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnì á sì máa kérora bí ẹ bá gbé fíríìjì lé e. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn èèyàn kì í so mọ́ tápẹ́ẹ̀tì rárá ni okùn tó ń já padà mọ́ni lọ́wọ́. Lára kámṣáàfù ẹ́ńjìnì yìí, irin kékeré kan wà tó máa ń gbé fáàfù èéfín díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa okùn, kí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n lè jò díẹ̀, kí okùn má baà le jù. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń sáré, irin náà á fà sẹ́yìn. Gíga tó ń gbé fáàfù kò pọ̀. Bí àyè tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ èéfín bá ti fẹ̀ jù, inú àyè yẹn ni gbogbo gíga náà á tán sí, fáàfù ò ní ṣí, okùn á le koko, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ èèyàn lápá. Wọ́n á ní okùn ló bàjẹ́, wọ́n á ra tuntun. Tuntun náà á já.

Ìgbà wo ló yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò? Ohun tí Honda sọ ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tàbí lẹ́yìn wákàtí 300, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọdún kan yẹn, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló wà fún. Ilé tó ń tan gẹ́n ní wákàtí 5 lálẹ́ á pé wákàtí 300 ní ọgọ́ta alẹ́. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí tàbí ti télọ̀ tó ń tan án láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á pé e láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀. Ẹ wá ronú sí jẹnẹrétọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ṣí ìdérí fáàfù rẹ̀ rí.

Fílà géèjì fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan ńlá. Ewé irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n so wọ́n pọ̀ nídìí, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà sára ewé kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára ewé kan, ọ̀kan ní mìlímítà, ọ̀kan ní íǹṣì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ewé 0.15 mm ni èyí tí wọ́n tún kọ .006 sí, ti 0.20 mm ni .008. Ẹni tó bá rí .015 tó mú un ti mú 0.38 mm, ìlọ́po méjì ààbọ̀ ohun tó yẹ. Bí ewé 0.15 bá ti sọnù nínú géèjì yín, 0.10 àti 0.05 papọ̀ á ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹ nu ọ́ìlì ara wọn kúrò kí ẹ tó tò wọ́n léra, nítorí ọ́ìlì àárín wọn náà ní ìnípọn tiẹ̀. Ewé tó ti ká, tó ti dípẹtà tàbí tí etí rẹ̀ ti ya, ẹ yọ ọ́ dànù.

A mọ ohun tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Bíléèdì ayùn irin ju 0.6 mm lọ, ẹni tó bá fi séètì tápẹ́ẹ̀tì ti sọ ẹ́ńjìnì di ìlù. Bíléèdì ìfárungbọ̀n olójú méjì jẹ́ nǹkan bíi 0.10 mm, méjì papọ̀ lè súnmọ́ 0.20 ti èéfín, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe máa fi rí 0.15, ó sì ń gé ọwọ́. Pépà ń fún pọ̀ bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó dáa nínú wọn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ rèé. Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Kó sùn mọ́jú ló dára jù, nítorí pé irin fáàfù àti alumíníọ́ọ̀mù ara ẹ́ńjìnì kì í wú bákan náà, nọ́ńbà tí ẹ bá wọ̀n nígbà tó gbóná kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn. Ẹ ti ẹnu epo pa, ẹ fa wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, ẹ sì tú púlọ́ọ̀gì gan-an kí ẹ́ńjìnì lè yí fúyẹ́. Ẹ nu iyanrìn àti eruku kúrò láyìíká ìdérí fáàfù kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì rẹ̀, torí ibi tó ṣí sí, inú ọ́ìlì ni. Bóòtì mẹ́rin ló dè é, sípánà 10 ló ń tú wọn. Bí ìdérí náà bá lẹ̀ mọ́ gáskẹ́ẹ̀tì, ẹ fi igi gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi sùkúrù-díráfà gbẹ́ ẹ, ojú ibẹ̀ á ha, á sì máa jo ọ́ìlì títí ayé. Ọ́ìlì díẹ̀ á dà, ẹ tẹ́ àkísà sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ló kàn: gbígbé písítìnì sí òkè tó tọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì ń dé òkè kí ẹ́ńjìnì tó parí iṣẹ́ kan, ìgbà kan nìkan nínú méjèèjì sì ni fáàfù méjèèjì máa ń padé pátá. Ẹ rọra fa okùn, kí ẹ máa wo rọ́kà ọwọ́ kabúrétọ̀. Ẹ ó rí i tó tẹ fáàfù wọlé, tó sì padà jáde. Bó bá ti padà, òkè tí písítìnì ń gùn lọ lẹ́yìn ìyẹn ni a fẹ́. Lára GX160, àmì onígun mẹ́ta kan wà lórí páànù tí okùn ń fà; bó bá ti bá ihò òkè lára ìdérí fáànù ṣe déédéé, písítìnì ti dé òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jọ ọ́ kò ní àmì náà, nítorí náà ẹ ki sítírọ́ọ̀ tí a fi ń mu mínírà bọ ihò púlọ́ọ̀gì, yóò máa gòkè bí písítìnì ṣe ń gòkè. Ẹ má lo ọwọ̀ ìgbálẹ̀, á kán sínú. Ẹ má sì lo sùkúrù-díráfà, á ha orí písítìnì tàbí kó há síbẹ̀.

Bí ẹ bá dé òkè, tí ẹ rí i pé rọ́kà kan ń padà bọ̀ bí èkejì ṣe fẹ́ máa tẹ̀ wọlé, òkè tí kì í ṣe tiwa lẹ wà. Ẹ yí ẹ́ńjìnì ní odidi ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ìdẹkùn kan tún wà: irin kékeré tó ń dín kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n kù, tí a sọ níṣàájú, lè ṣì gbé fáàfù èéfín sókè kí písítìnì tó dé òkè. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níbẹ̀ á rò pé kò sí àyè, á tú u fẹ̀, okùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nínú ìwé Briggs & Stratton, fún ẹ́ńjìnì tiwọn, wọ́n ní kí písítìnì kọjá òkè, kó sọ̀ kalẹ̀ ní ìdá mẹ́rin íǹṣì, bíi 6 mm, kí a tó wọ̀n ọ́n. Fún àwọn ẹ́ńjìnì aláfarajọ Honda tí kò ní àmì, àwa náà fara mọ́ ọn pé kó kọjá òkè díẹ̀, kó má ṣe kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀.

Ẹ wá ki ewé 0.15 bọ àárín rọ́kà àti orí fáàfù ìwọlé, kó wọlé gbọọrọ, kó má dagun. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa dí yín lọ́wọ́ díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á, bí ìgbà tí èèyàn ń fa owó náírà tuntun jáde láàárín ìwé tó nípọn. Kí ọwọ́ má baà tan yín jẹ, ẹ fi ewé méjì yẹ̀ ẹ́ wò: 0.10 gbọ́dọ̀ wọlé fàlàlà, 0.20 gbọ́dọ̀ kọ̀. Lọ́wọ́ èéfín, 0.20 ni kó dí yín lọ́wọ́ díẹ̀, 0.25 ni kó kọ̀.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí rọ́kà. Èyí tó wà lókè ni ó ń ti ìsàlẹ̀ pa, sípánà 10 ló ń tú u. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí rọ́kà ń yí lé lórí, sípánà 14 ló gbà lára GX160. Ẹ fi 14 di ìsàlẹ̀ mú, ẹ fi 10 tú ti òkè. Ẹ jẹ́ kí ewé wà láàárín, kí ẹ wá yí ti ìsàlẹ̀: sọ́wọ́ ọ̀tún, àyè á dín kù, sọ́wọ́ òsì, á fẹ̀ sí i. Bí ewé bá ti rí bó ṣe yẹ, ẹ di ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin kó má yí, kí ẹ ti ti òkè pa. Tọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn agbára tí a fi ń fún un, jẹ́ 10 N·m, kò gba agbára ejìká. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò tún wọ̀n ọ́n, nítorí pé títì tí ẹ tì í máa ń yí i padà. Oníṣẹ́ tó bá ti nọ́ọ̀tì pa, tó sì gbé ìdérí lé e lójú ẹsẹ̀, kò tíì ṣe tán. Ẹ yí ẹ́ńjìnì ní odidi ẹ̀ẹ̀mejì, kó padà sí òkè kan náà, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ṣọ́ fìlà irin kékeré kan tó wà lórí fáàfù èéfín lára GX160. Bí púṣì-rọ́ọ̀dù bá yọ, fìlà yìí lè bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, àyè á sì fẹ̀ lójijì. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ á máa yí nọ́ọ̀tì wálẹ̀ títí, á tún yà á lẹ́nu pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí kò bá ya, ẹ dá a padà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rọ́ yí ìdérí ká kò pọn dandan. Èyí tó bá yọ sínú á já, á bá ọ́ìlì rìn. Ẹ ti bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdojúkọra, kí ẹ má fún un jù, alumíníọ́ọ̀mù ni ihò wọn, yóò jẹ.

Bí ẹ bá ti séètì rẹ̀ tán tí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n ṣì jò, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ rọra fa okùn títí á fi le, ẹ dá a dúró, kí ẹ wá tẹ́tí. Atẹ́gùn tó ń sú ní ẹnu kabúrétọ̀, fáàfù ìwọlé ni. Bó bá ń sú nínú sàlẹ́ńsà, ti èéfín ni, bí kì í bá ṣe irin kékeré ọjọ́sí yẹn ló ṣì gbé e dání; ẹ fà á díẹ̀ sí i kí ẹ tó dájọ́. Bó bá ń sú ní ihò ọ́ìlì, ríìngì ló kàn. Ti fáàfù, ẹ ṣí ẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ọṣẹ ìlọ̀ fáàfù lọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó rẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gbogbo èyí kò kan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Kò ní fáàfù bẹ́ẹ̀, kò ní rọ́kà. Ẹni tó bá gba owó séètì tápẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ jíjà ló jà yín lólè. Ọ̀kadà Honda CG125 ní tiẹ̀, 0.08 mm ni fún fáàfù méjèèjì. Ti Corolla tó ń lo ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE jẹ́ 0.15 sí 0.25 mm fún ìwọlé, 0.25 sí 0.35 mm fún èéfín, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ọ̀tì tí a ń yí. Ife irin orí fáàfù ni wọ́n ń pààrọ̀ sí èyí tó nípọn jù tàbí tó fẹ́lẹ́ jù, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni pé kí fílà géèjì wà lára irinṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kó tó ṣe fìrídọ̀mù, kó sì mọ bí a ṣe ń ka ẹ̀gbẹ́ mìlímítà rẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, kí oníṣẹ́ tó yí nọ́ọ̀tì kankan, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kó sì sọ iye tó bá níbẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńtì tàbí kálámù tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sára férémù jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Bí ti èéfín bá sọ 0.02 tàbí 0.03 mm nù láàárín wákàtí 300, ẹ séètì rẹ̀, ẹ máa lò ó lọ. Lójú tiwa, bó bá ti sọ tó 0.10 mm nù láàárín wákàtí kan náà, ìjókòó fáàfù ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ́ẹ̀dì kí fáàfù tó jóná.

Àwa ni,
Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn